Àjà Ilé Iṣẹ́ Ọwọ́: Ohun Tó Lè Gbé àti Ohun Tí Kò Lè Gbé

Ní ayé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó ń gbé ẹrù ni àjà. Igi líle tí ikán kì í tètè jẹ, tàbí ìtì ọ̀pẹ tí wọ́n là, ni àwọn tó ń kọ́lé máa ń tò láti orí ògiri kan dé orí èkejì. Wọ́n á tẹ́ igi wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ títí yóò fi le. Ibẹ̀ ni baálé ilé ń kó aṣọ rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹrù tí kò fẹ́ kí gbogbo ojú rí sí. Lókè ààrò ni wọ́n máa ń so àgbàdo irúgbìn rọ̀ sí, kí èéfín lè máa lé kòkòrò fún un. Bí iná bá sì ran koríko orí ilé, amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ àjà yìí ni kì í jẹ́ kó tètè wọ inú yàrá.

Orúkọ náà kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ ẹ ti yí padà pátápátá. Àjà tí kápẹ́ńtà ń kàn lónìí kò ju pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ásbẹ́stọ́ọ̀sì, ike tàbí POP lọ, èyí tí wọ́n so mọ́ igi tú-bàì-tú lábẹ́ páànù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bo páànù lójú, kó sì dín ooru kù. Kò sí ẹni tó ṣírò pé yóò gbé nǹkan mìíràn ju ara rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, aránṣọ, ahunṣọ, aládìrẹ àti oníṣẹ́ awọ pọ̀ tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bá ti kún, àjà ni wọ́n máa ń yíjú sí. Wọ́n á kan ìkọ́ mọ́ ọn, wọ́n á so okùn rọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lé e bí ẹni pé àjà baba wọn náà ló wà lókè.

Kì í ṣe pé èrò wọn burú. Òkè yàrá ni àyè tó ṣófo jù lọ nínú ilé iṣẹ́ ọwọ́, ó sì wà nínú owó ilé tí wọ́n ti san. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ẹ̀rọ wífìn kan, tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé, àga gbọọrọ tí oníbàárà ń jókòó lé àti ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ti gba ilẹ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ yìí, orí ìlẹ̀kùn máa ń wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 sí ilẹ̀, àjà á sì wà ní bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹsẹ̀ bàtà 3 tó wà láàárín méjèèjì, yí gbogbo ògiri ká, kò sí ẹni tó ń lò ó ju alántakùn lọ.

Bí a bá ṣe pẹpẹ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré yí ògiri ṣọ́ọ̀bù yìí ká, ojú pẹpẹ náà yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 40. Gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ 120. Ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá mìíràn ni onítọ̀hún rí gbà yẹn láìsan kọ́bọ̀ lé owó ilé.

Báwo ni ẹrù aṣọ ṣe wúwo tó?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 800 lọ, ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ kò ní kà á sí ẹrù. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá pé ọgọ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, tó jẹ́ kílò 50. Bí wọ́n bá to àǹkárá mẹ́wàá mẹ́wàá léra wọn lórí pẹpẹ tí a sọ lókè yìí, irinwó aṣọ ni yóò gbà, ìwọ̀n rẹ̀ á sì máa lọ sí kílò 320. Nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà àti ààbọ̀ ló rọ̀ lókè orí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Àrán àti léèsì tó nípọn sì wúwo ju àǹkárá lọ.

Igi tú-bàì-tú tó di pátákó àjà mú kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, nítorí igi kì í sábà ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ẹrù lé e. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀, tí ìṣó ń yọ, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan yóò tún fi ẹ̀kún páálí kan lé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó rẹ̀ ti ń tẹ̀ kò nílò irinṣẹ́ kankan: kó na òwú ìránṣọ láti orí kan pákó náà dé orí kejì, kó fà á le. Bí ojú pákó bá ti lọ sísàlẹ̀ ju òwú lọ láàárín, ẹrù ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí ìdè tó gbé e dúró jìnnà jù síra wọn.

Ògiri tàbí ilẹ̀ ni kó gbé e

Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹrù tó bá wà lókè kò gbọdọ̀ fara ti àjà rárá. Ògiri ló yẹ kó gbé e, tàbí òpó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ògiri pàápàá ní ibi tó lágbára ju ibòmíràn lọ. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ihò nínú, ìṣó tàbí bóòtì tó bá sì bọ́ sínú ihò náà kò rí nǹkan dì mú. Ó lè dà bíi pé ó le lójú, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, yóò fa ojú búlọ́ọ̀kù yọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ibi tó yẹ kí bíríkìlà tàbí kápẹ́ńtà wá ni kọ́ńkéré tí wọ́n dà sórí ojú ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ńtù. Irin wà nínú rẹ̀, kò sí ihò níbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé ó sì yí gbogbo ògiri ká. Ìdè onírin tí wọ́n bá fi bóòtì dè mọ́ lẹ́ńtù, kí ọ̀kan máà jìnnà sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, tí wọ́n sì tẹ́ pákó tó nípọn tó ínṣì kan lé, ni pẹpẹ tó ṣeé fọkàn tán. Kí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ní ínṣì 2 mọ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, kí ẹrù má baà máa yọ́ bọ́ bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n ògiri. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣiṣẹ́ ń gbọ̀n ògiri ju bí ènìyàn ti rò lọ.

Fún ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù tí onílé rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n lu ògiri, tàbí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹténà, òpó ló dára jù. Kí kápẹ́ńtà fi igi tú-bàì-fọ́ ṣe òpó mẹ́rin, tàbí kí wẹ́dà fi irin ṣe é, kó dúró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé, kí wọ́n sì tẹ́ pákó sórí rẹ̀ níbi tí orí ẹni tó ga jù nínú ṣọ́ọ̀bù kò ti ní kàn án. Ilẹ̀ ló ń gbé irú èyí. Kò kan àjà, kò kan ògiri, bí onítọ̀hún bá sì ń kó kúrò, yóò tú u, yóò sì kó o dání. Ẹ̀gbẹ́ òpó náà tún wúlò fún síkélì, rúlà gígùn àti téèpù ìwọnṣọ.

Ẹni tó ní fáànù lókè gbọ́dọ̀ wọn àyè kó tó gbé pákó. Fáànù oní-ínṣì 56 tó wà láàárín yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 máa ń fi ínṣì 32 sílẹ̀ láàárín orí ìyẹ́ rẹ̀ àti ògiri. Pẹpẹ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan á gba ínṣì 12 nínú rẹ̀, yóò ku 20. Ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe pẹpẹ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 2, tí gèlè àti ìbòrùn sì ń fì sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí fáànù fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù tó ń gbóná: aṣọ tó bá fara kàn án fún ìgbà pípẹ́ lè gbiná.

Àjà ásbẹ́stọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé lọ́tọ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Púpọ̀ nínú ilé tó ti pẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló ní àjà ásbẹ́stọ́ọ̀sì. Fọ́nrán tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí wà nínú rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìpa ẹnikẹ́ni lára bí wọn kò bá fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí wọ́n bá lu ihò sí i, tí wọ́n rẹ́ ẹ, tàbí tó fọ́, ni fọ́nrán náà ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́, tí ènìyàn sì ń fà á símú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ lè má jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo ẹ̀yà ásbẹ́stọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè pẹ́ tó ogún ọdún sí ogójì ọdún kó tó fara hàn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1999, orílẹ̀-èdè South Africa sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2008.

Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó gun àga, kó fi ìṣó lu ihò sí àjà kó lè so ìkọ́ aṣọ rọ̀, òun ni eruku náà ń dà sí lójú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta kí ohun tó fà símú lọ́jọ́ náà tó dá a dùbúlẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó rántí ìkọ́ mọ́. Bí àjà ásbẹ́stọ́ọ̀sì bá ṣì pé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n má kan nǹkankan mọ́ ọn, kí wọ́n má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí ó bá ti fọ́, kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó kó o, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá méjì, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí wọ́n gbá a.

Ohun tí kò gbọdọ̀ gòkè

Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni àkọ́kọ́. Irin ni wọ́n dà á, orí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lásán lé ní kílò 10, ti ẹ̀rọ ńlá sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ tí ọ̀gá kò fẹ́ tà ni wọ́n sábà máa ń gbé sókè, ó sì wà lára ohun tó léwu jù níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì náà wúwo ju bó ṣe rí lọ. Abẹ́ tábìlì ni àyè rẹ̀.

Ohunkóhun tó bá jẹ́ olómi tàbí kẹ́míkà, ilẹ̀ ni kó wà. Àwọn aládìrẹ ló yẹ kó gbọ́ èyí jù. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń fi pọn aró ìgbàlódé lè fọ́ ènìyàn lójú bí ó bá dà láti òkè. Èkejì rẹ̀, háídírọ́ọ̀sì, tún ní ewu mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: bí omi díẹ̀ bá kàn án nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Páànù tó ń jò lórí pẹpẹ tí háídírọ́ọ̀sì wà ti tó láti jó ilé. Inú ike tó ní ọmọrí tó le, níbi gbígbẹ, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ni kó wà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò kò fẹ́ ooru òkè, nítorí atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń gba iná kíákíá.

Bí èédú bá ṣì wà nínú áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, kí wọ́n má jókòó tì í lábẹ́ pẹpẹ. Ẹta iná máa ń fò sókè bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ.

Ooru, òjò àti eku

Lábẹ́ páànù ni ooru ọ̀sán ti ń mú jù lọ. Rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó bá pẹ́ níbẹ̀ kì í nà mọ́, á kàn máa já ni. Ohun tó fara da òkè ni aṣọ tí wọn kò tíì gé, pátáànù oníwèé, òwú, ìdì gèlè, fìlà, páálí bọ́tìnnì tí kò wúwo, àti ẹrù tí ọwọ́ kò ní kàn láàárín oṣù kan. Aṣọ ẹbí tí wọ́n kó wá ní oṣù kẹsàn-án fún ayẹyẹ oṣù kejìlá dára fún òkè. Aṣọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà lọ́la kò dára fún un.

Kí wọ́n fi àyè bí ínṣì 6 sílẹ̀ láàárín orí ẹrù àti àjà. Bí òjò bá jò, ìdọ̀tí omi á kọ́kọ́ hàn lára àjà kó tó kan aṣọ oníbàárà. Kí ìparí oṣù kẹta tó dé ni kí wọ́n ti gun òkè wo ibi tí ìṣó páànù ti dípẹtà. Aránṣọ tí òjò ba léèsì oníbàárà jẹ́ mọ̀ pé owó ìránṣọ ọdún kan lè má tó o san.

Ní ti eku àti aáyán, ike onídèérí dára ju páálí lọ, nítorí páálí fúnra rẹ̀ ni oúnjẹ ikán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da káńfọ̀ funfun róbótó sáàárín aṣọ. Kí wọ́n ṣọ́ra fún èyí lórí aṣọ ọmọ ìkókó. Káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, náfítálíìnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD jẹ́, kí ojú ọmọ náà pọ́n yòò, kí ó sì kan ọpọlọ rẹ̀. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin nílẹ̀ wa. Aṣọ ìkómọ tí káńfọ̀ ti kàn gbọ́dọ̀ gba fífọ̀ àti sísá kó tó kan ara ọmọ.

Ohun tí àwọn ahunṣọ ti mọ̀ tipẹ́

Níbi òfì, òkè kì í ṣe àyè ìkẹ́rùsí nìkan, ara irinṣẹ́ ni. Okùn òwú tí ahunṣọ ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀ máa ń gùn púpọ̀, òkúta tí wọ́n gbé lé òpin rẹ̀ ló sì ń fà á le. Ilẹ̀ ti lọ síbẹ̀ nìyẹn. Igi tó wà lókè orí rẹ̀ ni wọ́n ń so ohun tó ń gbé òwú sókè-sódò rọ̀ sí, ẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá dé àgbàlá ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn yóò rí i pé igi tó gbé irinṣẹ́ yìí kì í ṣe igi kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dì í mọ́ àjà. Bí aṣọ òkè bá wà fún títọ́jú, pàápàá èyí tó ní òwú dídán nínú, kíká rẹ̀ sí méjì-mẹ́ta máa ń dá ojú òwú náà, àrán náà sì máa ń dápàá níbi tí wọ́n bá ká a sí. Yíyí ló dára: kí wọ́n yí i mọ́ ara páìpù oníke tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, kí wọ́n sì gbé páìpù náà sórí ìkọ́ méjì lábẹ́ pẹpẹ. Bí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ń tọ́jú aṣọ tó níyì náà nìyẹn.

Gígùn òkè àti sísọ̀ kalẹ̀

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé náà ni wọ́n sábà ń rán sí pẹpẹ, á sì gun àga lórí tábìlì. Àkàbà kékeré kan tó ṣeé ká kò gba àyè ju ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ti ògiri, tí orí rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ọwọ́ kan ni kí onítọ̀hún fi mú ẹrù, kó fi èkejì di àkàbà mú; ẹrù tí ọwọ́ kan kò lè gbé kò yẹ kó wà lókè.

Kí àkàbà má baà di gígùn lásán, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí etí pẹpẹ láti igun kan dé èkejì. Kí wọ́n gé èyí tó kéré lára aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ, iye ọ̀pá, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá àti nọ́ńbà tó wà lórí pẹpẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà ni kó so mọ́ ara òpó lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ti lè kà á láìgun nǹkankan.